Ẹjọ́ Rottenburg: Ìtàn Àwọn Atúnsàmì àti Eré-Oníṣe Tí A Gbé Kà Á

Ìfáárà

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn ni àwọn àgbà pè é. Òwe yìí wúlò fún onídàájọ́, ó sì wúlò fún òpìtàn; ṣùgbọ́n ẹni tí ó nílò rẹ̀ ju àwọn méjèèjì lọ ni ẹni tí ó fẹ́ fi ìtàn ṣe eré-oníṣe. Ìwé ìtàn lè gbé ọ̀rọ̀ apá méjèèjì kalẹ̀, kí ó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún òǹkàwé. Eré-oníṣe kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yan olú-ẹ̀dá-ìtàn, ibi tí ojú olú-ẹ̀dá-ìtàn bá sì wà ni ojú òǹwòran náà yóò máa wò.

Ní ọdún 1990 ni fíìmù kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Radicals. Raul V. Carrera ni ó darí rẹ̀. Inú ìtàn-àròsọ Pilgrim Aflame, tí Myron Augsburger gbé jáde ní ọdún 1967, ni a ti fa eré náà yọ. Augsburger fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ Mennonite, ìyẹn ni pé àtọmọdọ́mọ ẹ̀sìn àwọn tí ìtàn náà dá lé lórí ni. Olú-ẹ̀dá-ìtàn méjì ni ó wà nínú rẹ̀: Michael Sattler, tí ó ti ṣe igbákejì olórí ní ilé àwọn mọ́ńkì kan ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì, àti Margaretha ìyàwó rẹ̀. Ní ọdún 1527 ni wọ́n dáná sun ọkọ, tí wọ́n sì ri ìyàwó sínú odò. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ ṣe ni láti tọ ipasẹ̀ ìtàn náà, láti wo ohun tí ó mú kí àwọn onídàájọ́ ṣe ohun tí wọ́n ṣe, àti láti wádìí ohun tí ó di dandan kí eré-oníṣe fi kún irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó yọ kúrò nínú rẹ̀.

Orúkọ tí ọ̀tá sọ wọ́n

Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Àwọn tí ayé mọ̀ sí Anabaptist kò fìgbà kan sọ ara wọn bẹ́ẹ̀. Arákùnrin àti arábìnrin ni wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn alátakò wọn ni ó fi èdè Gíríìkì sọ wọ́n lórúkọ, ohun tí orúkọ náà sì túmọ̀ sí ni ‘ẹni tí ó ń sàmì fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kejì’. Àwọn kò gbà pé ẹ̀ẹ̀kejì ni. Èrò tiwọn ni pé omi tí a dà sórí ọmọ-ọwọ́ tí kò lè gbàgbọ́, tí kò sì lè kọ̀, kì í ṣe ìsàmì rárá. Nítorí náà, èyí tí àgbàlagbà fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè fún ni àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn.

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ti èdè lásán, nítorí pé inú orúkọ náà ni ikú wọn wà. Nínú àkójọ òfin tí Justinian, ọba ńlá Róòmù, kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 529, òfin kan wà tí ó ka títún-ènìyàn-sàmì sí ẹ̀ṣẹ̀ ikú. Ọ̀rúndún karùn-ún ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìjọba Róòmù ń bá àwọn Donatist, ìyẹn àwọn Kristẹni kan ní Àríwá Áfíríkà, fa wàhálà. Ní ọdún 1529, ẹgbẹ̀rún ọdún gééré lẹ́yìn àkójọ òfin Justinian, ìpàdé àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Jámánì ní Speyer pàṣẹ pé kí a máa pa ẹnikẹ́ni tí ó bá tún ènìyàn sàmì, àti ẹni tí ó bá gbà kí a tún òun sàmì. Bí àwọn arákùnrin wọ̀nyí bá gba orúkọ tí a sọ wọ́n, wọ́n ti gba ẹ̀bi nìyẹn. Bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, onídàájọ́ kò ní orúkọ mìíràn tí yóò fi pè wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí tún fa ìṣòro fún ẹni tí yóò sọ ìtàn náà ní èdè Yorùbá. Àwọn ìjọ ilẹ̀ Yorùbá ti pín ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ‘ìsàmì’ wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń ṣe é fún ọmọ-ọwọ́, nígbà tí ‘ìtẹ̀bọmi’ àti ‘ìrìbọmi’ wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń ri àgbàlagbà bọ inú omi, tó bẹ́ẹ̀ tí ‘Onítẹ̀bọmi’ fi di orúkọ ìjọ Baptist. Ó lè wu atúmọ̀ èdè láti pe àwọn ará Zürich wọ̀nyí ní ‘Atúntẹ̀bọmi’. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni a kò tẹ̀ bọ omi. Omi ni a bù dà sí wọn lórí. Ìgbà tí ènìyàn gbà á ni ó jẹ wọ́n lógún ju bí a ti ṣe é lọ. Ìdí nìyí tí a fi lo ‘Atúnsàmì’ nínú àròkọ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gàn tí ó wà nínú orúkọ àkọ́kọ́.

Zürich, 1519 sí 1527

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1519 ni Huldrych Zwingli bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwàásù ní ìjọ Grossmünster ní ìlú Zürich, ní ilẹ̀ Switzerland. Ó fi ìlànà ìjọ Róòmù sílẹ̀, ó sì ń ṣàlàyé Bíbélì láti orí dé orí. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbọ́ èdè Gíríìkì àti Hébérù kó ara wọn jọ yí i ká. Conrad Grebel, ọmọ ìdílé ọlọ́lá, àti Felix Manz, tí ó mọ Hébérù dunjú, wà nínú wọn. Ohun tí ó pín wọn níyà kì í ṣe ohun tí Bíbélì wí. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé ta ni ó ní àṣẹ láti sọ ìgbà tí a ó ṣe ohun tí ó wí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1523, nígbà tí wọ́n jíròrò lórí ère àti Máàsì, Zwingli gbà pé kí ìgbìmọ̀ ìlú ni kí ó mọ àkókò tí àyípadà yóò wáyé. Lójú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ó gba ìjọ lọ́wọ́ póòpù tún ti lọ fà á lé ìjọba lọ́wọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1525, ìgbìmọ̀ ìlú pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí kò bá sàmì fún ọmọ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ yóò kúrò ní ìlú. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù náà, àwọn díẹ̀ pàdé nínú ilé kan. Georg Blaurock, tí ó ti jẹ́ àlùfáà rí, bẹ Grebel pé kí ó sàmì fún òun. Grebel ṣe é, Blaurock sì ṣe é fún àwọn ìyókù. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, kò sí àṣẹ ìjọba, kò sì sí ilé ìjọsìn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dé abúlé Zollikon tí kò jìnnà sí ìlú.

Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ fi dẹ́rù bà wọ́n. Nígbà tí ẹ̀wọ̀n kò ran ọ̀rọ̀ náà, ìgbìmọ̀ ìlú ṣe òfin ní oṣù kẹta ọdún 1526 pé rírì sínú omi ni ìjìyà ẹni tí ó bá tún ènìyàn sàmì. Àjàkálẹ̀ àrùn ti pa Grebel kí ọdún náà tó parí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 1527, wọ́n di Felix Manz tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n sì jù ú sínú odò Limmat ní àárín ìlú rẹ̀. Ẹni tí ó wá omi ni wọ́n fi omi pa. Àwọn aláṣẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi ìjìyà náà ṣe ẹlẹ́yà ohun tí ó gbàgbọ́ ni. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n na Blaurock lẹ́gba jáde kúrò ní ìlú, nítorí pé kì í ṣe ọmọ onílùú. Wọ́n dáná sun òun náà ní agbègbè Tyrol ní ọdún 1529. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé kì í ṣe ìjọ Róòmù ni ó pa Manz. Àwọn tí àwọn náà ń bẹ̀rù kí ìjọ Róòmù má pa wọ́n ni.

Michael Sattler àti àpilẹ̀kọ Schleitheim

Staufen, ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Jámánì, ni a bí Michael Sattler sí. Ó di mọ́ńkì ní ilé St. Peter ní Igbó Dúdú, ó sì dé ipò igbákejì olórí níbẹ̀. Ó fi ilé náà sílẹ̀, ó gbé Margaretha níyàwó, ó sì dé Zürich ní ọdún 1525. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n lé e kúrò ní ìlú. Ní ọdún 1526 ó wà ní Strasbourg, ó sì bá Martin Bucer àti Wolfgang Capito, àwọn aṣíwájú àtúnṣe ìjọ níbẹ̀, jíròrò. Wọn kò fohùn ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìjà túká.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1527, ọjọ́ díẹ̀ lé ní oṣù kan àtààbọ̀ lẹ́yìn ikú Manz, àwọn arákùnrin pàdé ní Schleitheim, ní ẹ̀bá ààlà Switzerland àti Jámánì. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀, tí àwọn òpìtàn gbà pé ọwọ́ Sattler ni ó kọ ọ́, ní kókó méje: ìsàmì àgbàlagbà, ìyọnikúrò lẹ́gbẹ́ fún ẹni tí ó bá ṣàìronúpìwàdà, bíbu àkàrà, ìyara-ẹni-sọ́tọ̀ kúrò nínú ìwà ayé, olùṣọ́-àgùntàn tí ìjọ fúnra rẹ̀ yàn, kíkọ̀ láti lo idà, àti kíkọ̀ láti búra. Méjì tí ó gbẹ̀yìn ni ó léwu jù lọ lójú aláṣẹ. Ní àkókò náà, ìbúra ni ó so ará ìlú mọ́ olórí rẹ̀, idà sì ni ó ń gba ìlú là. Ẹni tí ó kọ méjèèjì ti bọ́ sílẹ̀ lára okùn tí ó so ìlú pọ̀.

Zwingli fúnra rẹ̀ kọ ìwé ta ko àpilẹ̀kọ náà ní ọdún 1527 kan náà, ó sì tú àwọn kókó rẹ̀ sí èdè Látìn kí ó lè dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni ọ̀tá ṣe di ọ̀kan lára àwọn tí ó bá wọn pa ọ̀rọ̀ wọn mọ́.

Ẹjọ́ náà

Kò pẹ́ lẹ́yìn Schleitheim tí wọ́n mú Sattler, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn mìíràn ní Horb. Binsdorf ni wọ́n tì wọ́n mọ́, kí ọ̀rọ̀ wọn má baà dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní ìlú tí wọ́n ti mú wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1527 ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Rottenburg, létí odò Neckar, lábẹ́ àṣẹ Ferdinand ti ìdílé Habsburg, àbúrò ọba ńlá Charles Karùn-ún.

Ẹ̀sùn mẹ́sàn-án ni wọ́n kà. Méje kan gbogbo wọn: pé wọ́n rú òfin ọba, pé wọ́n ní ara àti ẹ̀jẹ̀ Kristi kò sí nínú oúnjẹ mímọ́, pé wọ́n ní ìsàmì ọmọ-ọwọ́ kò gba ènìyàn là, pé wọ́n kọ òróró ìkẹyìn, pé wọ́n tàbùkù Màríà àti àwọn ẹni mímọ́, pé wọ́n ní a kò gbọdọ̀ búra fún aláṣẹ, àti pé wọ́n dá àṣà tuntun sílẹ̀ nídìí oúnjẹ mímọ́. Méjì yòókù kan Sattler nìkan: pé ó fi ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ gbé ìyàwó, àti pé ó ní bí àwọn Tọ́kì bá gbógun dé, a kò gbọdọ̀ bá wọn jà.

Sattler ní kí wọ́n tún ẹ̀sùn náà kà. Ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìmọ̀, ó sì dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ àwọn Tọ́kì, kò yẹ̀ ẹ́. Ó ní a kò gbọdọ̀ pànìyàn. Àdúrà ni kí a fi kọjú sí wọn. Ó tún fi kún un pé bí ogun bá tilẹ̀ tọ́, ó tẹ́ òun lọ́rùn láti bá àwọn tí ń pe ara wọn ní Kristẹni, tí wọ́n sì ń ṣe inúnibíni sí àwọn olódodo, jà ju kí òun bá Tọ́kì jà lọ, nítorí pé Tọ́kì kò mọ̀ nípa ìgbàgbọ́ Kristi. Ó bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí wọ́n pe àwọn ọ̀mọ̀wé wá pẹ̀lú Bíbélì ní èdè yòówù kí ó jẹ́, kí àwọn jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn onídàájọ́ rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ilé-ẹjọ́ dá a lóhùn pé ẹni tí yóò bá a jiyàn ni apànìyàn ìjọba.

Ìdájọ́ wọn ni pé kí a gé ahọ́n rẹ̀, kí a fi ẹ̀mú gbígbóná fa ẹran ara rẹ̀ já léraléra, kí a sì sun ún di eérú. Wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ Margaretha pé kí ó yí ohùn padà. Kò gbà, wọ́n sì rì í sínú odò Neckar.

Bucer, tí ó ti bá Sattler jiyàn ní Strasbourg, tí kò sì gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́, kọ̀wé lẹ́yìn ikú rẹ̀ pé òun kò ṣiyèméjì pé ajẹ́rìíkú Kristi ni. Capito sì kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ Horb láti ṣìpẹ̀ fún àwọn tí ó kù. Ẹ̀rí yìí lágbára ju ẹ̀rí ọmọ-ẹ̀yìn lọ, nítorí pé ẹnu ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ni ó ti jáde.

Ohun tí ń ba àwọn onídàájọ́ lẹ́rù

Bí a bá fẹ́ yẹra fún ìwà agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, ó yẹ kí a bèèrè ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn tí ó jókòó sórí àga ìdájọ́. Ní ọdún 1525, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Jámánì dìde ogun sí àwọn olúwa wọn. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ni ó ṣàn kí wọ́n tó ṣẹ́gun wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1526, àwọn Tọ́kì ṣẹ́gun ọba Hungary ní Mohács, ó sì kú bí ó ti ń sá kúrò lójú ogun. Ní ọdún 1529 wọ́n dó ti ìlú Vienna. Ìtẹ́ Hungary tí ó ṣófo náà ni Ferdinand ń jà fún. Láàárín irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan ti dúró ní ilé-ẹjọ́ Ferdinand tí ó ní òun kò ní í bá Tọ́kì jà. Lójú wọn, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ẹ̀sìn. Ó ti di ọ̀tẹ̀. Wọ́n rò pé kékeré ni a ti ń pẹ̀kan ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Münster dà bí ẹni pé ó fi hàn pé òótọ́ ni wọ́n rò. Ní ọdún 1534, àwọn Atúnsàmì kan gba ìjọba ìlú náà. Jan Matthys ni ó kọ́kọ́ ṣáájú wọn; nígbà tí ó kú, Jan van Leiden fi ara rẹ̀ jọba. Wọ́n gbé idà, wọ́n sọ ìkóbìnrinjọ di òfin, wọ́n sì pa alátakò. Ní oṣù kẹfà ọdún 1535 ni ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ó dó tì í, ẹ̀jẹ̀ sì tún ṣàn. Wọ́n pa àwọn aṣíwájú mẹ́ta ní oṣù kìíní ọdún 1536, wọ́n sì fi òkú wọn sínú àgò irin mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ ilé ìṣọ́ ìjọ St. Lambert, níbi tí àwọn àgò náà ṣì wà di òní.

Ṣùgbọ́n ọdún méje ni ó wà láàárín ikú Sattler àti ìdìde Münster. Àwọn tí ó ní kí a má gbé idà ni wọ́n kọ́kọ́ pa; nígbà tí wọ́n pa wọ́n tán ni àwọn tí yóò gbé idà rí ààyè. Ní oṣù kìíní ọdún 1536 kan náà ni àlùfáà Menno Simons fi ìjọ Róòmù sílẹ̀ ní Friesland, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí ó fọ́nká jọ padà sí ọ̀nà àìgbé-idà. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn Mennonite ń jẹ́.

Láti inú ìwé àjẹ́rìíkú dé orí eré

Ìtàn wọ̀nyí ti ní ìrísí eré-oníṣe kí fíìmù tó dé. Àwọn tí wọ́n wà ní ẹ̀wọ̀n Passau láàárín ọdún 1535 sí 1540 kọ orin tí ó wọ inú ìwé orin Ausbund, èyí tí àwọn Amish ṣì ń lò. Ní ọdún 1660, Thieleman van Braght gbé ìwé ńlá kan jáde ní èdè Dọ́ọ̀ṣì, tí ó kó ìtàn àwọn ajẹ́rìíkú jọ. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní ọdún 1685, Jan Luyken fi àwòrán 104 sí i. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni ti Dirk Willems, ará Asperen. Ó ń sá lọ lórí omi dídì, ẹni tí ń lé e já sínú omi, Dirk yí padà ó sì fà á yọ. Wọ́n mú un, wọ́n sì dáná sun ún ní ọdún 1569. Ìforígbárí, ìyípadà òjijì àti ìparí eré ti wà nínú àwòrán kan ṣoṣo.

Bákan náà ni ẹjọ́ Rottenburg. Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà kò di dandan kí òǹkọ̀wé eré dá ọ̀rọ̀ sọ fún Sattler. Ibi tí ó ti ní láti lo ọpọlọ ara rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ Margaretha. Ìwé ẹjọ́ gbọ́ ohùn ọkọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ti ìyàwó. Kíkọ̀ rẹ̀ nìkan ni a mọ̀. Ẹni tí ó bá fi í ṣe ẹ̀dá-ìtàn tí ó ní ọkàn àti ọ̀rọ̀ ti kọjá ohun tí ẹ̀rí gbé kalẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí ó bá pa á lẹ́nu mọ́ ti bá àwọn onídàájọ́ ṣe é nìyẹn. Níhìn-ín, àfikún eré-oníṣe sàn ju ìdákẹ́jẹ́ ìwé lọ.

Ibi tí irú eré yìí ti lè ṣìnà ni ìfìwàwẹ̀dá àwọn aláṣẹ. Bí onídàájọ́ bá jẹ́ ìkà lásán, òǹwòran yóò kórìíra rẹ̀, yóò sì lọ sílé láìbẹ̀rù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ènìyàn tí ẹ̀rù ń bà, tí ó fẹ́ràn ìlú rẹ̀, tí ó sì tìtorí èyí buwọ́ lu ìwé ikú, nígbà náà ni yóò mọ̀ pé òun náà lè ṣe é. Zwingli kì í ṣe apànìyàn tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ Manz ni. Ìrora ìtàn náà wà níbẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ náà kò tán ní ọdún 1527. Ní Zürich, ọdún 1614 ni wọ́n bẹ́ orí Hans Landis, ẹni ìkẹyìn tí wọ́n pa níbẹ̀ nítorí ẹ̀sìn yìí. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé àwọn tí a pa ní Yúróòpù nínú ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tó ẹgbẹ̀rún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ṣẹni a máa gbàgbé, ẹni tí a ṣẹ̀ kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, ẹni tí ó ṣẹni náà pàpà rántí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2004, wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ létí odò Limmat, ìjọ Zürich sì jẹ́wọ́ ẹ̀bi àwọn baba rẹ̀. Ní ọdún 2010, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ìjọ Luther tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn Mennonite ní Stuttgart. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn ọmọ ìjọ wọ̀nyí láti onírúurú ilẹ̀ péjọ sí Zürich fún ìrántí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún, wọ́n sì jọ́sìn nínú Grossmünster, níbi tí Zwingli ti wàásù. Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé nísinsìnyí. Ethiopia ni èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn ìjọ wọn wà.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ eré-oníṣe, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ẹjọ́ Rottenburg ni pé ìtàn kò béèrè pé kí a má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ẹni tí a kò gbè sẹ́yìn rẹ̀ náà ní ànfààní láti sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tí Sattler bẹ̀bẹ̀ fún nílé-ẹjọ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: pé kí wọ́n ṣí ìwé, ní èdè yòówù kí ó jẹ́, kí tọ̀túntòsì jọ kà á. Wọ́n fi ẹ̀rín dá a lóhùn, wọ́n sì gé ahọ́n rẹ̀. Òǹkọ̀wé eré-oníṣe tí ó bá wá kọ ìtàn rẹ̀, tí ó sì gé ahọ́n àwọn onídàájọ́ kúrò nínú eré, kò tíì kọ́ ohun tí ọkùnrin náà kú fún.